Ìdí Tí Ọ̀rá Fi Ń Bọ́ Ẹsẹ̀ Aláàwẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹ̀yà ara ṣì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Ọ̀rá kì í ṣiṣẹ́ kankan. Abẹ́ awọ ló ń sùn sí. Ó ní aká ńlá tó kún dé ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti búra pé àfi bí ìyàn bá mú lòun yóò ṣí i.

Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń bọ́ gbogbo ilé. Igbá kékeré ló fi ń tọ́jú adùn tó bá jáde nínú oúnjẹ. Òun ló ń bù fún Ẹsẹ̀ nígbà iṣẹ́.

Abíọ́nà, ìránṣẹ́ ọba Òkè Ọ̀pọ̀tọ́, ló ni ara yìí. Lọ́jọ́ kan, ogun fẹ́ bẹ́ láàárín ìlú rẹ̀ àti Àgbàrà. Ọba fi ọ̀pá àlàáfíà rán an sí ọba Àgbàrà. Bí oòrùn bá wọ̀ kó tó dé, àwọn ọmọ ogun Àgbàrà yóò wá sun Òkè Ọ̀pọ̀tọ́. Àṣà wọn sì ni pé ẹni tó gbé ọ̀pá náà kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kan ẹnu títí yóò fi jíṣẹ́.

Ẹsẹ̀ ki eré mọ́lẹ̀. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ó ké sí Ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ da igbá rẹ̀ dojú dé. Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Ẹsẹ̀ yíjú sí Ọ̀rá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí aká. Ọ̀rá yán, ó ní ìyàn kọ́ lèyí, ààwẹ̀ lásán ni, ta ló sì ní kí Ẹsẹ̀ máa sáré bí ẹni tí oyin ń lé.

Òjìji igi ti ń gùn. Kí Ẹsẹ̀ má baà dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, bí ẹni tó ń yọ òpó ilé rẹ̀ dáná. Ó ń sá, ó ń rù. Ó ti ń gbọ́ fèrè ogun lókèèrè.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọ̀rá, ta ló rìn lọ sóko kí aká yín tó kún? Èmi ni. Èmi ń rìn, ẹ̀yin ń sanra. Bí mo bá ṣubú báyìí, ta ni yóò gbé yín?"

Ọ̀rá wò ó, ó rí bó ti tín-ín-rín tó. Ojú tì í.

"N ó ṣí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn aká mi kéré. Díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa bù. Rọra sá."

"Ẹ ṣáà máa bù," ni Ẹsẹ̀ wí.

Ó dín eré kù, ṣùgbọ́n kò dúró. Oòrùn ti kan orí igi nígbà tí Abíọ́nà fi ọ̀pá lé ọba Àgbàrà lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun tẹ ògùṣọ̀ wọn pa.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀rá ti ń ṣí aká rẹ̀ fún aláàwẹ̀ tó bá ń sáré. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn náà kò fẹ̀ sí i títí dòní. Ìdí nìyí tí ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo fi lè rìn jìnnà, tí kò sì lè sá àsápajúdé pẹ́. Bó bá fi agídí sá a, ẹsẹ̀ tí kò jẹ̀bi ni yóò jìyà rẹ̀.