Bàtà Tí Kì Í Wọ Pálọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń fi táìlì títẹ́ ṣe iṣẹ́. Ilẹ̀ tó bá tẹ́, bí o bá da omi sí i, omi náà á dúró, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Ó tẹ́ pálọ̀ tirẹ̀ náà, funfun báláú, ó sì ṣe òfin kan: bàtà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà ń dúró sí, ti pásítọ̀, ti ẹni tó wá ka mítà iná. Wọ́n ní àna rẹ̀ kan tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu kò yà síbẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin yìí ní ọmọbìnrin kan, Fadérera, ọmọ ọdún méje. Ẹsẹ̀ òsì ọmọ náà fi ìbú àtàǹpàkò kan kúrú ju ọ̀tún lọ. Bí ó bá ń rìn, èjìká rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, a sì máa gòkè, bí ẹni tó ń kí àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà. Bàbá tó lè rí i bí táìlì kan bá fi èékánná ga ju èkejì lọ, ọdún méjì gbáko ló fi sọ pé ọmọ náà ń ṣeré ni.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan to pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ títí ìbàdí fi dọ́gba. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan ọ̀bẹ. Kí wọ́n fi rọ́bà tó nípọn kún ìdí bàtà òsì, kí ọmọ máa wọ̀ ọ́ láti ìgbà tó bá jí títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn, kí wọ́n sì máa gbé e wá fún wíwọ̀n, nítorí pé ó ń dàgbà. Bí wọ́n bá fi ṣeré, ìbàdí á máa dà sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn á sì tẹ̀ lé e. Bàbá nàró, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọjọ́ kan yẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ló wá oníṣẹ́ bàtà lọ.

Oṣù mẹ́rin kọjá, ẹ̀yìn ọmọ ṣì ń dùn ún. Bàbá bínú padà sí ọsibítù, ó ní ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́, bóyá kí wọ́n kúkú gbé ọ̀bẹ jáde. Dókítà bọ́ bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ó yí ìdí bàtà náà sókè, ó rí i pé rọ́bà rẹ̀ kò jẹ tó ti oṣù mẹ́rin. Ló bá kọjú sí ọmọ.

“Tí o bá ti iléèwé dé, ibo ni bàtà yìí máa ń wà?”

“Ẹnu ọ̀nà ni, mà. Bàtà kì í wọ pálọ̀ wa.”

Dókítà wo bàbá. Bàbá wo ilẹ̀. Ó tiẹ̀ rí i pé táìlì ọsibítù náà kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi aṣọ tútù nu ìdí bàtà náà, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n sì rìn lórí táìlì funfun bí ẹni ń sin ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wá kí i lọ́jọ́ kan, ó bọ́ bàtà tán ló tó rí ọmọ pẹ̀lú bàtà ní pálọ̀. Ó ní ṣé òfin ti kú ni, ó sì nawọ́ sí bàtà tirẹ̀ padà.

“Ẹsẹ̀ tiyín dọ́gba, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.”

Ọdún náà kò tíì parí tí ẹ̀yìn ọmọ fi dẹ́kun dídùn. Ẹsẹ̀ kò gùn sí i o, bàtà ló ń bá a ṣe èyí tó kù. Táìlì ti ní ìlà dúdú díẹ̀ báyìí. Bàbá rí wọn. Ó ń kọjá lọ.

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, wọ́n ní o ní sùúrù níbi iṣẹ́, ohùn pẹ̀lẹ́ lo fi ń dá àlejò lóhùn. Mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ kọjá lánàá. Mo rí sùúrù náà níbẹ̀, o bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ, bí mo ṣe ń gbọ́ ohùn líle rẹ lórí ìyàwó àti ọmọ. Inú ilé ni àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn wà. Nu ìdí sùúrù náà, kí o wọ̀ ọ́ wọlé.