Pẹ́pẹ́yẹ àti Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Òkun

Àlọ́ o.

Àlọ̀.

Àlọ́ mi já bọ́, ó já sínú omi. Ó ta sí Pẹ́pẹ́yẹ lára, ó ta sí Arówólò ọlọ́kọ̀ ẹja lára, ó wá ta sí Akàn tó jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ òkun, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Pẹ́pẹ́yẹ ń bọ̀ láti ilẹ̀ òkè. Ó rìn, ó rìn, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ọmọ mẹ́fà ń tẹ̀ lé ìyàwó. Ìlú tí wọ́n bá dé, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrìn," wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Òjò pa wọ́n, oòrùn pa wọ́n. Pẹ́pẹ́yẹ ò wá oyè. Òrùlé ló ń wá.

Wọ́n dé ìlú kan létí òkun. Wọ́n bá gbogbo ìlú tó káwọ́ lérí. Ọkọ̀ Arówólò ló rì. Ó rì tòun ti àwọ̀n ńlá tí gbogbo ìlú jọ ń fi pẹja. Bẹ́ẹ̀ ẹja ṣáwá ti ń wọ́ bọ̀ lójú òkun, kò sì sí ohun tí wọ́n máa fi kó o.

Arówólò ní, "Ẹni tó bá wọ ìsàlẹ̀ omi lọ, tó gbé àwọ̀n náà gòkè, iyàrá kan ń bẹ lẹ́yìnkùlé mi. Tirẹ̀ ni."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Èmi ni ẹ ń wá."

Ìyàwó rẹ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bàálé mi, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá ọmọ, ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ tó mi nínú ilé wa?"

"A ò nílé."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Ní ìlú yẹn, òmùwẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹun, torí wọn kì í rán èèyàn sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ikùn òfo. Ṣùgbọ́n tó bá gòkè, ó gbọ́dọ̀ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun dání, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó débẹ̀. Apá ti oúnjẹ ni Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́. Ó jẹ púpurú àwo mẹ́ta. Àwọn ọmọ mẹ́fà jẹ tiwọn, wọ́n ní ọmọ òmùwẹ̀ làwọn.

Wọ́n tu ọkọ̀ mìíràn dé ibi tí ọkọ̀ rì sí, kò jìnnà sétí omi. Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ bá mi gbè é:

Ìsàlẹ̀ òkun, mo ń bọ̀ o.
Jómijò.
Ẹ gbálẹ̀ dè mí o.
Jómijò.

Ó forí sọ omi. Orí wọlé. Ọrùn wọlé. Bàrá ìdí kọ̀. Bàrá dúró lókè, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọwọ́ ẹni tó ń dágbére. Ara Pẹ́pẹ́yẹ lọ́ràá jù, omi ò gbà á.

Ó gbórí sókè.

Arówólò ní, "Kí ló dé?"

"Baba, mo kí wọn ni. Ṣé mo kàn máa já wọlé wọn bí olè ni?"

"Wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la."

Nígbà tó di ọ̀la, ó jẹ àwo márùn-ún. Ó kọrin. "Jómijò." Ó ní kí gbogbo ọkọ̀ dijú, àwọn ará ìsàlẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa wo àwọn. Wọ́n dijú. Ó lúwẹ̀ẹ́ wéré dé etí omi, ó bu ẹrẹ̀ sẹ́nu, ó padà, ó tu ú sí Arówólò lọ́wọ́.

Arówólò yẹ̀ ẹ́ wò. "Pẹ́pẹ́yẹ, èèpo ẹ̀gẹ́ rèé nínú ẹrẹ̀ yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀."

"Nísàlẹ̀ òkun."

"Ilẹ̀ ibẹ̀ dáa gan-an."

"Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó dúró ṣánṣán. Ẹja ṣáwá kan ló jókòó sí àyè yín. Ó ní kí n kí yín."

Àwọn atukọ̀ wo ara wọn. Arówólò ní, "Ó dáa. Lọ́la, a máa ràn ọ́ lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, Pẹ́pẹ́yẹ ò lè jẹun.

Ìyàwó ní, "Sọ fún wọn pé o ò mọ̀ ọ́n."

"Tí mo bá sọ ọ́, ibo la máa forí pamọ́ sí?"

Ìyàwó wo àwọn ọmọ mẹ́fà tó kó ara wọn jọ sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Wọ́n fi okùn so ìdákọ̀ró mọ́ Pẹ́pẹ́yẹ níbàdí, wọ́n so orí kejì okùn náà mọ́ ọkọ̀.

"Baba, irin yìí wúwo."

"Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n tì í. Okùn yọ̀ lára ọ̀rá, ó bọ́. Irin nìkan lọ sísàlẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ léfòó bí igbá.

Wọ́n fa irin gòkè. Akàn ló jókòó lé e lórí, ó fajú ro, ó fọwọ́ di etí àwọ̀n mú.

"Ta ló ju irin lulé mi? Àwọ̀n yín dí ẹnu ọ̀nà mi látọjọ́ yìí, irin yín tún fọ́ ìkòkò mi. Ẹ kó ẹrù yín."

Arówólò ní, "Ẹ má bínú. Ṣé òmùwẹ̀ wa ò dé ọ̀dọ̀ yín ni?"

"Òmùwẹ̀ wo?" Akàn yíjú sí Pẹ́pẹ́yẹ. "Ṣé onítọ̀hún? Orí rẹ̀ ni mo ń rí lókè. Á wo ọ̀tún, á wo òsì, á padà. Mo rò pé ó sọ nǹkan nù ni."

"Oko ẹ̀gẹ́ yín ńkọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ ẹ̀gẹ́?"

Ẹ̀rín pa àwọn atukọ̀ débi pé ọkọ̀ fẹ́ dojú dé. Wọ́n fa àwọ̀n gòkè, wọ́n pa ṣáwá, ìlú yó. Arówólò fi iyàrá lọ Akàn. Akàn ní kí lòun fẹ́ fi ilé gbígbẹ ṣe, ó bómi lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà tòun tìyàwó tọmọ.

"Baba, Akàn ò fẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó ṣófo."

"Mo mọ̀."

Arówólò wo àwọn ọmọ mẹ́fà. Kò lè lé wọn, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi irọ́ gba ilé òun. Ó ní, "Ẹ máa gbé ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tó o bá bu ojúlówó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá, kí o wọ iyàrá náà."

Torí bẹ́ẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ ṣe ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa títí dòní. Ibi tó bá ti rí omi, odò ni o, gọ́tà ni o, á forí sọ ọ́, bàrá á dúró lókè. Á fẹnu tú ẹrẹ̀, á tọ́ ọ wò, á tu ú dànù, á yíjú sí ìyàwó. Ìyàwó á ní, "Èyí kọ́." Wọ́n á tún tò lọ sí kòtò mìíràn.

Àlọ́ mi gúnlẹ̀ síbí. Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó lọ bi pẹ́pẹ́yẹ ilé rẹ̀. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sẹ́.