Òkété Àti Elú Tí Kò Gbọdọ̀ Sọdá Odò

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi sọdá odò, ó dá lórí Òkété, ọba tó ni elú, ewé tí a fi ń ṣe aró, àti ìyá rẹ̀, arúgbó aláró. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ìyá mi àgbà ló pa á fún mi. Ọwọ́ tiwọn náà dúdú fún aró dé ìgúnpá, àárò ọwọ́ yẹn ṣì ń sọ mí.

Nígbà náà, ìlú Òkété nìkan ni elú ti ń hù. Alákàn ló ń mọ ìkòkò aró ní òdì kejì odò, níbẹ̀ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń sun eérú tí a ń pò mọ́ elú. Lọ́jọ́ ọjà, gbogbo wọn á pàdé ní ebúté. Ebúté yẹn dùn, ẹ̀yin ọmọ.

Ni Òkété bá pàṣẹ pé ewé elú kan kò gbọdọ̀ sọdá odò mọ́. Ó ní ìlú òun nìkan ni yóò máa rẹ aṣọ, kí gbogbo ayé wá rà á. Alákàn ní ìkòkò òun náà kò ní sọdá. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní eérú òun náà jókòó.

Nígbà tí kò sí ìkòkò mọ́, Òkété kó elú sínú igbá, igbá fọ́, gbàà. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó kọrin. Ẹ máa gbè é:

Ọmọ mi, ṣínà odò,
*Sọdá, elú, sọdá.*
Aró ń ṣí lọ́wọ́ ìyá rẹ,
*Sọdá, elú, sọdá.*

Òkété ní ó di ìkórè kí òun tó ṣínà. Ó kó elú sínú ọpọ́n, omi jò tán, tó, tó, tó. Ìyá tún kọrin. Òkété ní ó di ìgbà òjò. Ó gbẹ́ kòtò, ó rẹ aṣọ sí i láìsí eérú. Aṣọ jáde bí ẹrẹ̀, ó ń rùn. Ìyá kọrin lẹ́ẹ̀kẹta, Òkété wo ọwọ́ ìyá, aró ti ṣí tán, ó ti mọ́ bí ọwọ́ ìkókó. Àánú ṣe é. Ó ru ìwọ̀nba elú tí kò tíì jẹrà, ó wọ odò, wọ̀ọ́.

Kò bá ẹnikẹ́ni ní ebúté, àfi koríko. Alákàn ló bá nínú oko.

“Kábíyèsí, àwa ti gbin tiwa,” Alákàn wí. “Èso tó há sí ìdí apẹ̀rẹ̀ elú àtijọ́ la gbìn. Ó pẹ́ kó tó hù, ṣùgbọ́n ó hù. Ìyá ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀, ìkòkò wọn ṣì wà níbí.”

Ìyá gbọ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu Òkété, ó ká ẹní rẹ̀, ó sọdá, kò sì padà mọ́. Òkété jókòó ti elú rẹ̀ ní ebúté, ó ń gbọ́ orin ìyá rẹ̀ láti òdì kejì.

Ohun tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a má ṣe fi ohun tí a ní du ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí iṣẹ́ tiwa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tí ìyá mi àgbà máa ń parí ààlọ́ náà sí nìyí, wọn á sì máa wo ọwọ́ wọn.