Ògiri Tí Kò Tíì Gbẹ

Ọkùnrin kan wà tí ó ń fi amọ̀ mọ ilé fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń bá a po amọ̀. Ní ọdún kan, ìyàwó àbúrò yìí kú lórí ìkúnlẹ̀. Omijé rẹ̀ kò tíì gbẹ tí iná fi jó oko kòkó rẹ̀. Kò tíì mọ ibi tí yóò fara tì tí ìyá wọn náà fi kú.

Àbúrò kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ó kọjú sí ògiri nínú yàrá, kò jẹun, kò wẹ̀, ó ń sọ pé ó sàn kí òun bá wọn lọ. Ojú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí aládùúgbò bá béèrè rẹ̀, á ní ó rìnrìn àjò. Ikú yá ju ẹ̀sín, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, kò sì ronú pé ikú ta ni. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Ṣebí ìyá kan náà ló bí wa. Èmi ò ha ń lọ síbi iṣẹ́?"

Àbúrò fa aṣọ borí.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ojú ń kán onílé kan nítorí òjò. Mọlémọlé gbà fún un, ó gbé ìpele lé ìpele tí kò tíì gbẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ògiri wó. Onílé ń bú amọ̀ náà pé kò lágbára. Inú bí mọlémọlé.

"Amọ̀ kan náà ni mo fi mọ ilé ẹ̀gbẹ́ yín, ó ṣáà dúró. Èyí ni a ò jẹ́ kó gbẹ ká tó tún gbẹ́rù lé e."

Bó ti sọ ọ́ tán, ó rántí àbúrò rẹ̀, ojú sì tì í débi pé kò lè gbójú sókè. Ó ṣan ọwọ́, ó lọ sílé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Mo ti ń fi ọ́ pamọ́ bí ẹni tó jalè. Dárí jì mí."

Kò ní kó dìde. Ó po ẹ̀kọ fún un, ó dúró tì í. Nígbà tó yá, ó mú un gba àárín abúlé lọ sọ́sibítù, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé ìbànújẹ́ ló dá a dùbúlẹ̀.

Bàbá, ẹ̀yin tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ẹ má fi mọlémọlé yìí rẹ́rìn-ín. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé yín tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti pẹ́ ní títì. Nígbà tí mo béèrè ọmọ yín láàárọ̀, ẹ ní ó rìnrìn àjò. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ kí i káàbọ̀.