Odó Ọlọ́jọ́ Méje

Ní abúlé Ìdí-Apá, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣakí, agbẹ́dó kan wà tó ń jẹ́ Ọnàwùmí. Iṣẹ́ odó gbígbẹ́ ni baba rẹ̀ ṣe, òun ni baba baba rẹ̀ ṣe, òun náà kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ìwé mẹ́rin péré ló kà kí wọ́n tó fi àáké lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí ènìyàn bá kí i, á dáhùn. Bí wọn kò bá kí i, ariwo àáké rẹ̀ náà ni wọn yóò máa gbọ́.

Ohun tó mú odó ilé yìí yàtọ̀ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó tà á. Bí Ọnàwùmí bá gbẹ́ odó tán, yóò rì í mọ́ inú èérún igi nínú yàrá kan tí oòrùn kì í wọ̀, odó náà yóò sì wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa fi òrí pa á lára, kí omi inú igi lè máa jáde díẹ̀díẹ̀, kí igi má baà sán. Lẹ́yìn èyí, Tinúadé aya rẹ̀ yóò gún iyán nínú odó náà, gbogbo ilé yóò sì jẹ ẹ́. Odó tí ilé kò bá tíì jẹun nínú rẹ̀ kì í jáde lọ bá oníbàárà. Bí Tinúadé bá gún un tí ìró rẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, odó náà di igi ìdáná nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í sì í bá a jiyàn. Àwọn ará abúlé a máa sọ fún Ọnàwùmí pé ìyàwó rẹ̀ ló ni odó, òun kàn ń bá a gbẹ́ ẹ ni. Á kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń fi iná gún iyán dé ìgboro, àwọn ìyàwó ilé sì rí i pé apá kò ní ro àwọn mọ́. Iye odó tí Ọnàwùmí ń tà lọ́dún wá kéré sí èyí tó ń tà lóṣù kan tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dágbére fún un, wọ́n lọ ń gun ọ̀kadà. Ebi kò pa á, nítorí ó ní oko iṣu. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé orúkọ ilé àwọn yóò parí sí òun lọ́wọ́, pé bí òun bá kú, kò ní sí ẹni tí yóò tún sọ láyé pé òun ń lọ ra odó Ọnàwùmí.

Ọnàdípẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wá gba ọ̀rọ̀ náà rò. Ó ti parí ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, kò ríṣẹ́, ó sì padà wálé. Ó sọ fún baba rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ṣì fẹ́ odó, wọn kò kàn mọ ibi tó wà ni. Ó ní òun yóò ṣí ìkànnì kan fún un lórí ayélujára, ilé ìtajà tí kò ní ògiri, tí ẹni tó wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè gba inú fóònù wọ̀, kó wo odó, kó sì rà á.

"Ta ni yóò sọ fún wọn pé ilé ìtajà náà wà?" ni Ọnàwùmí bi í.

"Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, Bàbá. Ẹ̀yin ẹ sáà máa gbẹ́ odó."

Lóòótọ́, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ó ya àwòrán odó láàárọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Ó ya fídíò ìyá rẹ̀ bó ṣe ń gún iyán, tó ń dá orin sí i. Ó kọ ìtàn ilé wọn láti orí baba ńlá rẹ̀ wá, ó sì tò ó lọ́nà tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wá odó lórí ayélujára, tiwọn ni yóò kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá ra odó yóò gba ọmọ odó kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, wọn yóò gé owó kúrò fún un. Ó fi òǹkà kan sí ìkànnì náà tó ń ka iye ènìyàn tó yọjú lóòjọ́, ó sì kọ́ baba rẹ̀ bí yóò ṣe máa wò ó nínú fóònù tirẹ̀. Ojú Ọnàwùmí kò gbé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ inú fóònù mọ́, ṣùgbọ́n òǹkà yìí tóbi, ó sì lè kà á. Ogún ènìyàn ló yọjú lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó fi máa di oṣù kan, wọ́n ti lé ní igba. Ó wá di pé bí Ọnàwùmí bá jí, kó tó bọ́jú, òǹkà ni yóò kọ́kọ́ wò.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, odó inú yàrá tán pátá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Dípẹ̀ wá bá baba rẹ̀ nídìí iṣẹ́, ó ṣàlàyé fún un pé àwọn ènìyàn ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kà á pé wọn yóò dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á jáde láìrà. Àwọn tó ń ta ìkòkò àti àwo lórí ayélujára, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e dé ilé oníbàárà. Ó bi í pé ọjọ́ mélòó ni kí òun kọ.

Ọnàwùmí fi àáké lélẹ̀. Ó wo igi tútù tó wà níwájú rẹ̀, ó wo fóònù ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Kọ ọjọ́ méje," ló wí.

"Ṣé yóò gbẹ, Bàbá?"

"Iná yóò gbẹ ẹ́."

Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Nígbà tí Tinúadé gbọ́, ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́bàá iná tí wọ́n to odó yí ká. "Bàbá Dípẹ̀," ó ní, "odó tí ẹ bá fi iná gbẹ, ara rẹ̀ nìkan ló gbẹ. Omi ṣì wà nínú rẹ̀." Ọkọ rẹ̀ fèsì pé oníbàárà ayé òde òní kọ́ ni ti àtijọ́, pé ìdajì wọn yóò kàn gbé odó sí igun pálọ̀ fún àlejò wò ni. Tinúadé wá béèrè ìgbà tí òun yóò gún iyán nínú wọn.

"Ìyá Dípẹ̀, odó mẹ́sàn-án ló ń lọ lọ́sẹ̀ yìí nìkan. Àbí o fẹ́ kí a jẹ iyán kú ni?"

Àwọn ará abúlé tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tinúadé kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò wá síbi iṣẹ́ mọ́, wọn kò sì ránṣẹ́ pè é.

Kò pẹ́ tí ìlà tín-ín-rín fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú odó. Ọnàwùmí sọ àkọ́kọ́ sínú iná. Ó sọ èkejì náà síná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ̀kẹta sán, ọkọ̀ tó fẹ́ kó ẹrù ti dé, awakọ̀ kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó ń fun fèrè. Ọnàwùmí po gọ́ọ̀mù mọ́ ìyẹ̀fun igi, ó fi dí ojú ìlà náà, ó fi òrí pa á. Odó ń dán. Ó wá ojú ìlà náà títí, òun gan-an kò rí i mọ́. Inú rẹ̀ dùn, inú kan náà sì bàjẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ti ọjọ́ yẹn, kò tún nira fún un mọ́.

Ọjà ń tà. Àwọn méjèèjì tó lọ gun ọ̀kadà padà síbi iṣẹ́. Bàbá Ògúnjìnmí, tó dàgbà jù nínú àwọn agbẹ́dó Ìdí-Apá, yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó wo iná, ó wo odó, ó ní, "Ọnàwùmí, odó tìrẹ ti wá ń yára bí ju ewúrẹ́ lọ."

"Ayé ló ń yára, Bàbá," ni Ọnàwùmí dá a lóhùn.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Dípẹ̀ ti lọ sí Ìsẹ́yìn láti lọ fi odó ránṣẹ́. Nígbà tí Ọnàwùmí jí tó wo òǹkà, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ènìyàn ló ti yọjú. Ó nu ojú fóònù, ó tún un wò. Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́wàá, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún.

Ó pe Tinúadé, ó fi hàn án. Tinúadé wò ó títí, ó ní, "Kí ni wọ́n ń wá?"

"Kí ni ènìyàn ń wá nínú ilé ìtajà?"

Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó pa òbúkọ. Ó ránṣẹ́ pe gbogbo agbẹ́dó Ìdí-Apá, ó ní kò sí ẹni tí yóò jókòó lásán mọ́, pé òun nìkan kò lè gbẹ́ odó tí ẹgbàágbèje ènìyàn ń fẹ́, pé gbogbo wọn ni yóò jọ ṣe é. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pariwo òǹkà bó ṣe ń gòkè. Àwọn àgbà ń jẹran, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ó ń sọ fún wọn pé ká ní baba òun wà láyé ni, inú rẹ̀ ì bá dùn pé orúkọ ilé àwọn kò ní parí mọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Dípẹ̀ fi dé. Ó rí èrò, ó rí ẹran, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró.

"Dípẹ̀," ni baba rẹ̀ pè é, "wá ka ohun tí àwọn oníbàárà ń kọ síbẹ̀ fún àwọn bàbá rẹ."

Ó ní kí wọ́n jẹun tán ná. Ó ní ó rẹ òun. Ó sún mọ́ baba rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí àwọn wọlé, ṣùgbọ́n Bàbá Ògúnjìnmí ní, "Kà á, ọmọ. Ẹnu wa kún, etí wa ṣófo."

Dípẹ̀ kò kà á. Ó ṣí fídíò kan, ó gbé fóònù náà lé baba rẹ̀ lọ́wọ́.

Obìnrin kan ní Abẹ́òkúta, Ìyá Ṣíjú, ló wà nínú rẹ̀. Àna fẹ́ wá mọ ilé lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì ra odó Ìdí-Apá kí òun lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún iyán fún wọn. Lójú gbogbo àna, bó ṣe gbé ọmọ odó sókè tó sọ ọ́ kalẹ̀, odó là sí méjì. Iyán dà sínú yanrìn. Gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iyán náà bí èépá. Baba ọkọ ìyàwó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, àwọn tó bá a wá sì dìde tẹ̀lé e. Ìyá Ṣíjú kò sunkún. Ó kàn gbé ìdajì odó náà sókè kí ẹni tó ń ya fídíò lè rí inú rẹ̀ dáadáa. "Ilé Ọnàwùmí ni mo ti rà á," ló wí. "Wọ́n kọ ìtàn baba ńlá wọn síbẹ̀. Mo kà á tán kí n tó rà á."

Ẹni tó fi fídíò náà síta fi ọ̀nà ìkànnì wọn sí ìdí rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wò ó ló gba ibẹ̀ wọlé wá wo ilé tó ta irú odó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní kí Dípẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ, ó sì kà á báyìí. Ẹnì kan ní odó ọlọ́jọ́ méje rèé. Ẹnì kan ní kì í ṣe iyán ni wọ́n ń gún nínú rẹ̀, irọ́ ni. Ẹlòmíràn béèrè bóyá gọ́ọ̀mù náà wà lára èyí tí wọ́n ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Bó ṣe ń kà á, òǹkà náà ń gòkè. Nínú gbogbo àwọn tó wọlé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ra odó.

Àwọn kan rọra gbé ẹran ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ṣé a kò lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni?" ni Ọnàwùmí béèrè.

"A lè ti tiwa, Bàbá. Ṣùgbọ́n fídíò náà kò sí lọ́wọ́ wa. Bí a bá tì í, wọ́n á ní a sá."

"Ta ló wá fi ọ̀nà ilé wa han gbogbo wọn?"

Dípẹ̀ wolẹ̀. "Èmi ni. Èmi àti ẹ̀yin ni, Bàbá."

Bàbá Ògúnjìnmí fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. Kò bá Ọnàwùmí wí. Ó kàn sọ ọ̀rọ̀ kan bó ṣe ń lọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

Kò pé oṣù kan tí àwọn ọmọ iṣẹ́ tún fi lọ. Àwọn agbẹ́dó yòókù náà jìyà rẹ̀, nítorí bí oníbàárà bá dúró lójú títì, ohun àkọ́kọ́ tó ń béèrè ni bóyá ilé Ọnàwùmí nìyí. Wọ́n á sì búra pé àwọn kò bá a tan. Ọnàwùmí padà sí oṣù mẹ́fà, ó padà sí òrí, ṣùgbọ́n odó kún inú yàrá, kò sẹ́ni tó wá rà á. Ẹ̀rù tó ń bà á pé orúkọ ilé àwọn yóò parí, ó ti lọ. Orúkọ náà kò ní parí mọ́ láéláé, òun gan-an ló sì wá ń gbàdúrà pé kó parí. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Apá, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń sáré pe èrò wá sí ilé tí kò tíì gbá, fi ń fi ọ̀rọ̀ tí Bàbá Ògúnjìnmí sọ lọ́jọ́ náà pòwe pé: ọ̀nà tí a là fún oníbàárà, òun náà ni ẹ̀sín ń gbà wọlé.