Bí Àwẹ̀ró Ṣe Sọ Ẹrù Kalẹ̀ Lábẹ́ Igi Apá

Ẹ̀yin ọmọ Ìsọrù, ọmọ ojú dúdú dé fìlà pupa, ọmọ a-gbiṣu-kí-ìpàdé-tó-tú, ẹ gbọ́ bí ilé yín ṣe di ilé. Àwọn ìlú mìíràn ń sọ pé akin ló tẹ àwọn dó. Àwa ò ní purọ́: obìnrin tí ọrùn ń dùn ló tẹ tiwa dó.

Adéfọlárìn ni ọmọ ọba Òkè-Ẹrẹ̀ tí oyè tọ́ sí. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kan láìrò ó lọ, rò ó bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi í jọba, ó ṣì wà nínú yàrá, ó ń ro ẹsẹ̀ tí òun yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Nígbà tó máa fi jáde, adé ti wà lórí àbúrò rẹ̀. Ló bá kó Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ àti ọgbọ̀n ènìyàn, ó ní òun ń lọ tẹ ìlú tòun dó.

Wọ́n kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tó ń bọ odò Ẹrẹ̀. Ìyá náà wo omi títí, ó ní:

“Ẹ máa lọ. Níbi tí àwọn olójú dúdú tó dé fìlà pupa bá ti ń wò yín láti inú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró.”

Adéfọlárìn bi í pé irú fìlà wo. Ìyá ní ọbẹ̀ òun ń jóná, ó sì wọlé lọ.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi wá ọkùnrin tó dé fìlà pupa kiri. Wọ́n rí ọ̀kan ní abúlé kan. Ojú rẹ̀ dúdú dáadáa, àmọ́ ilé rẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Adéfọlárìn bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ yọ ọ́. Ajá ni wọ́n fi lé wọn jáde níbẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, apẹ̀rẹ̀ èèbù iṣu wà lórí Àwẹ̀ró. Òun nìkan ni ohun tí wọ́n ní láti gbìn. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ sì ti ń jẹrà. Bí kò bá tètè wọ ilẹ̀, kò ní sí iṣu lọ́dún tó ń bọ̀, ọgbọ̀n ènìyàn yóò sì padà lọ tọrọ oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà àbúrò. Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró ń sọ èyí fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á ní òun ń rò ó.

Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, lọ́wọ́ òwúrọ̀, wọ́n dé abẹ́ igi apá ńlá kan. Àwẹ̀ró sọ ẹrù kalẹ̀.

“Àwẹ̀ró, a ò tíì dé o.”

“Ẹ̀yin lẹ ò tíì dé, olówó orí mi. Ọrùn tèmi ti dé.”

Bó ṣe jókòó ni èso apá kan já, ó bà á léjìká. Ó he é, ó fẹ́ sọ ọ́ lu ẹnì kan, kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni náà kiri. Àmọ́ èso ti là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí inú rẹ̀.

Èso tí wọ́n ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ogójì ọjọ́ nìyí, tí òun fúnra rẹ̀ fi ń dáná. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó le bíi pátákò ẹṣin. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bí òwú, ó sì pín sí yàrá kéékèèké, ògiri wà láàárín wọn. Hóró dúdú kan jókòó sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi àdín pa lára, nǹkan pupa yòò sì bò ó lórí dé etí bí ìjòyè tí fìlà rẹ̀ tóbi jù. Àwẹ̀ró gbé e sún mọ́ ojú. Fìlà kan gẹ̀ sọ́tùn-ún, òmíràn gẹ̀ sósì, kò sí méjì tó dọ́gba. Inú bí i pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó tún máa rí ohun tó rẹwà. Ìgbà náà ló rí i pé wọ́n ń wo òun, àti pé ilé wọn kò ní ilẹ̀kùn.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi í pamọ́, torí ó mọ ọkọ rẹ̀. Níkẹyìn, ó nà án sí i.

Adéfọlárìn wò ó. “Àwọn nìyí! Àmọ́ igi apá wà níbi tí a kọ́kọ́ sùn sí. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti dúró. Ẹ gbẹ́rù, a ń padà.”

Ọdẹ́dìran, olórí ọdẹ wọn, ní: “Ọmọọba, apá wà lẹ́yìnkùlé yín ní Òkè-Ẹrẹ̀ náà. Ṣé ká kúkú padà síbẹ̀?”

“Ìyẹn náà gba ìpàdé.” Adéfọlárìn kò ṣàwàdà. Ó pe gbogbo ọkùnrin jọ, wọ́n jókòó.

“Ìyá ní ibi tí wọ́n bá ti ń wò wá,” ni Àwẹ̀ró wí. “Àwọn tí a ti fi sẹ́yìn ò wò wá. A ò dúró wò wọ́n.”

Ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Ó gbé èso náà sáàárín wọn, ó pe àwọn obìnrin, wọ́n mú ọkọ́. Wọ́n ṣa èyí tó ti jẹrà dànù, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin ìyókù. Wọn ò sinmi títí oòrùn fi rọ̀.

Èèwọ̀ ni nínú ìdílé ọba Òkè-Ẹrẹ̀ láti hú èèbù tí a ti bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìpàdé tú, Adéfọlárìn dìde, ó ní: “A ti pinnu. A ń padà.” Ó wá rí ebè.

“Èèbù mélòó ló kù?”

“Kò ku ẹyọ kan. Ṣé kí n hú wọn fún yín ni?”

Ó wo ebè náà lọ, ó wò ó bọ̀. “Rárá,” ó ní. “A ti dé nìyẹn.”

Nítorí pé ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró sọ ẹrù sí ni ìlú wa ṣe ń jẹ́ Ìsọrù. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ọba àti ìjòyè á jókòó lábẹ́ apá láti dá ọjọ́ tí a ó gbin iṣu. Àgbà obìnrin ilé Àwẹ̀ró á la èso kan, á gbé e fún ọba pé kó máa wò ó ná. Àwọn obìnrin á sì kọjá lọ sóko. Lọ́dún tó kọjá, Kábíyèsí ránṣẹ́ sí wọn pé òun rí hóró kan tí kò dé fìlà rárá, pé kí wọ́n ní sùúrù, òun ò tíì wò ó tán. Wọ́n ní kí Kábíyèsí máa wò ó lọ. Ebè méjìlá péré ló kù.