Àáké Ọnàyẹmí àti Oyin Inú Àpáta

Ní ìlú Òkè-Ọ̀páyẹ̀, níbi tí àpáta ti pọ̀ ju ilẹ̀ oko lọ, gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí ń jẹ́ Ọnàyẹmí. Àáké kan ṣoṣo ló fi ń gé igi rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ti kú, irú irin bẹ́ẹ̀ kò sì wọ ìlú náà mọ́. Ọnàyẹmí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹnu àáké náà. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kejì ni òun, àáké ni ìyálé.

Nígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní eruku igi ni. Ikọ́ di oṣù kan, ó di oṣù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ọkùnrin náà sì ń rù. Ọ̀sanyìntọ́lá, àgbà oníṣègùn ìlú, gbé etí lé e láyà, ó wá pe Àwẹ̀ró síta. Ó ní jẹjẹrẹ ni, inú ẹ̀dọ̀fóró ló fìdí sí. Àwẹ̀ró jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó ti gbọ́ orúkọ àrùn náà rí, kò sì tíì gbọ́ orúkọ ẹni tó dìde lórí ẹní rẹ̀.

Ọ̀sanyìntọ́lá ń fún Ọnàyẹmí ní àgbo, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà mọ bí àgbo ṣe ń ṣe sí. Ní àràárọ̀, yóò fi ẹ̀gbọ̀n òwú sí àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn pé kí ó fẹ́ ẹ. Ibi tí òwú bá balẹ̀ sí, yóò fi ẹfun fa ìlà síbẹ̀. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni Àwẹ̀ró ń wò tí àyà rẹ̀ ń já, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sún mọ́ ẹní. Nígbà tó yá, òwú kò kúrò lórí ọwọ́ rárá.

"Àgbo mi nìkan kò ká a mọ́," Ọ̀sanyìntọ́lá wí. "Mo fẹ́ kí á fi oyin inú àpáta orí òkè kún un."

"Bàbá, ṣé ẹ ti lò ó fún àrùn yìí rí?"

"Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ikọ́ lásán ni mo ti ń lò ó fún. Ìdánwò ni. Ọkọ rẹ kò sì gbọdọ̀ torí oyin pa àgbo tì. Ńṣe ni oyin yóò máa tẹ̀ lé àgbo. Ọjọ́ méje la ó fi wò ó. Òwú yóò sọ fún wa bóyá ó ṣiṣẹ́."

Àwẹ̀ró àti Ìyá Àlàbá, ẹ̀gbọ́n Ọnàyẹmí obìnrin, gun òkè. Ihò tí àwọn oyin ń gbà wọlé kò gba ju ìka mẹ́ta lọ. Wọ́n fi àdá là á, àdá kán. Wọ́n fi ọkọ́ wà á, ọkọ́ tẹ̀.

"Àáké ló kù," Ìyá Àlàbá wí.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró gan-an. Abẹ́ ẹní ni Ọnàyẹmí tọ́jú àáké náà sí láti ọjọ́ tó ti dùbúlẹ̀. Ó ti sọ fún un pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá dìde, bí mo ṣe fi ẹnu àáké mi sílẹ̀ ni kí n bá a." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń fi hàn pé ọkùnrin náà ṣì ń retí àtidìde. Bí òun bá wá ba ẹnu àáké jẹ́, ṣé òun kò ti fi ọwọ́ ara òun sọ pé kò ní dìde mọ́? Bí oyin kò bá sì ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Síbẹ̀, nígbà tí Ọnàyẹmí sùn, ó rọra fà á yọ, wọ́n sì tún gun òkè. Ìyá Àlàbá ń fi èéfín lé àwọn oyin sẹ́yìn, Àwẹ̀ró ń ṣá àpáta. Ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó fi ìka wo ẹnu àáké. Ó tún rọra ṣá a, ó tún wò ó. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, àpáta kò tíì já tó èkùrọ́ kan. Wọ́n pa dà sílé lọ́wọ́ òfo, ó sì dá àáké pa dà sábẹ́ ẹní. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ kejì yìí, Ọnàyẹmí kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ògiri ló fẹ̀yìn tì, ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń wá èémí bí ẹni tí ń wá nǹkan tó sọnù.

Lọ́jọ́ kẹta, Àwẹ̀ró ṣá àpáta, ó tún gbé àáké sójú. Ìyá Àlàbá sọ ògùṣọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, kí lò ń wò?"

"Ẹnu àáké ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Àbúrò mi kan ṣoṣo nìyẹn. Bó bá jẹ́ àáké tó mú lò ń wá, jẹ́ ká máa lọ sílé. Á ṣì mú nígbà tá a bá máa gbé e lé orí sàréè rẹ̀."

Àwẹ̀ró gbé àáké sókè tayọ orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Iná ta lára òkúta. Ègé irin kan fò kọjá létí rẹ̀, kò wò ó. Àwọn oyin ta á lọ́wọ́, wọ́n ta á lójú, kò dúró. Ó ń sunkún, ó ń ṣá a, títí àpáta fi là tí oyin dúdú sì ń ṣàn jáde.

Ọjọ́ kìíní ìdánwò náà, Ọnàyẹmí mu àgbo, ó lá oyin, òwú kò mira. Ọjọ́ kejì, kò mira. Ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, bákan náà. Ẹ̀yìn ìkòkò omi ni Àwẹ̀ró fi àáké pamọ́ sí, kò sì lè wo apá ibẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, òwú gbọ̀n, ó bọ́ sẹ́bàá ẹní. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ keje, ó fò tó ìbú ọwọ́ méjì, ọkùnrin náà sì ti ń dùbúlẹ̀ sùn.

Ọ̀sanyìntọ́lá fa ìlà rẹ̀. "Àrùn kò tíì lọ o," ó wí. "Mi ò mọ bí oṣù tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yìí sàn ju èyí tó kọjá lọ."

"Àwẹ̀ró," Ọnàyẹmí wí, "gbé àáké mi wá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti mọ̀ pé kò sí lábẹ́ ẹní."

Àwẹ̀ró lọ mú un lẹ́yìn ìkòkò omi, ó gbé e fún un. Ọnàyẹmí fi àtàǹpàkò tọ ẹnu àáké náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ká bí eyín arúgbó.

"O kò tiẹ̀ wo ẹnu rẹ̀?"

"Mo wò ó lọ́jọ́ méjì, mo wálé lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò wò ó mọ́."

Ọnàyẹmí gbé àáké sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó wú mú.

"Ṣé oyin ṣì kù?"

"Ó kù."

"Bù ú wá."

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Òkè-Ọ̀páyẹ̀ ti ń sọ ọ́, tó fi di òwe lẹ́nu gbogbo wa, pé: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.